Ẹ̀jẹ̀ Tó Sùn Nínú Òtútù

"Ẹ má bínú, màmá," ni dókítà wí, "a ò lè yọ kíndìnrín yín fún àbúrò yín mọ́. Ẹ̀jẹ̀ yín tí a yẹ̀ wò fi hàn pé iyọ̀ kan tí à ń pè ní potasíọ̀mù ti pọ̀ jù lára yín. Àfàìmọ̀ kí kíndìnrín tiyín gan-an má ní àrùn."

Obìnrin alágbàfọ̀ tó jókòó níwájú rẹ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù lé lórí. Láti ìgbà tí kíndìnrín àbúrò rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tó di pé ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ni obìnrin yìí ti ń retí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bí ìyàwó ṣe ń retí ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo fọ gbogbo aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì kan tán kí n tó wá síbí? Dókítà, nígbà tí a jọ gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, ta ló ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú àwa méjèèjì?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu dókítà. "Èmi ni, mà."

Àbúrò rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò tó jókòó tì í, kò rẹ́rìn-ín. Ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ló yọ yín, Àǹtí. Mo ti ń wí i tipẹ́ pé mi ò fẹ́ kí wọ́n la yín nítorí mi."

"Panu mọ́! Mo pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀, mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ṣé orí kíndìnrín ni màá ti wá bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà tún èsì náà wò. "Ohun tó rú mi lójú ni pé gbogbo yòókù ló dára. Ẹ jẹ́ kí n pe ilé àyẹ̀wò."

Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò fi gòkè wá, obìnrin kúkúrú kan tára rẹ̀ yá gágá. "Ẹ̀bi wa ni o, mà. Ẹ̀rọ tó ń ya omi ara ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ bàjẹ́ lánàá. Wọ́n wá gbé ẹ̀jẹ̀ yín sí fíríìjì bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ṣebí nǹkan kì í bàjẹ́ nínú fíríìjì?"

"Ẹran nìyẹn, mà. Inú àwọn hóró pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni iyọ̀ yẹn pọ̀ sí, àmọ́ inú omi rẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n. Bí hóró àti omi bá jọ sùn nínú òtútù, iyọ̀ á máa jò bọ́ sínú omi. Ohun tó jò la wọ̀n, kì í ṣe ohun tó wà lára yín."

Alágbàfọ̀ fò dìde. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ rẹ aṣọ pupa mọ́ funfun mọ́jú, ẹ wá ń sọ pé funfun mi ti di pupa!"

Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. A ti tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ẹ fún mi lápá, fúnra mi ni màá gbà á."

Ó gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé e lọ bí ẹni gbé ẹyin.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jókòó sórí bẹ́ńṣì lóde. Alágbàfọ̀ ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Àbúrò rẹ̀ bojú wo ọwọ́ rẹ̀, àwọn ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó.

"Àǹtí, ṣé iṣẹ́ abẹ ló ń bà yín lẹ́rù?"

"Rárá o. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sọ pé mi ò lè ṣe é."

Tẹ́lẹ̀, olùkọ́ ìṣirò rò pé torí pé obìnrin náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ló ṣe ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀, kò mọ̀ pé ó wù ú tọkàntọkàn.

Nígbà tó yá, àfi bí ohùn ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ṣe dún láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn: "Iyọ̀ náà ò pọ̀ jù! Mà, ó péye pérépéré!"

Alágbàfọ̀ bẹ́ sí ijó. Ó jó lọ, ó jó bọ̀, àwọn aláìsàn ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ béèrè pé, "Kí ni wọ́n fún ìyá yìí?"

"Wọ́n fẹ́ la ikùn mi ni!" ló fi dáhùn, kò sì dá ijó dúró.

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Àǹtí, mo gbà."

"O gba kí ni?"

"Kíndìnrín yín. Ṣùgbọ́n tó bá dénú mi tán, tí èmi náà wá ń pariwo bíi tiyín ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì á wá máa gbọ́ ohùn rẹ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fara tì kó má bàa ṣubú.