Aṣọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ní Wọ̀

Kò sí àárọ̀ kan tí Télọ̀ kì í bá Ìyá Aṣẹ́tí jà.

"Màmá, ẹ wo etí ṣòkòtò yìí. Ṣé ejò ló gba ibẹ̀ kọjá ni?"

"Ojú ẹ ló wọ́, ọkọ mi. Gbé e síbi ìmọ́lẹ̀."

"Mo ti gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó tún wá burú sí i. Ọkọ ìyàwó ló ni ín, ó sì ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án. Ṣé kó wọ ejò lọ fẹ́yàwó ni?"

Màmá á pòṣé, á gba ṣòkòtò náà, á tú u, á tún un ṣẹ́. Inú rẹ̀ á sì máa dùn lábẹ́lẹ̀. Arúgbó tó bá gbọ́n mọ̀ pé ẹni tó ṣì wúlò ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí wọn ò bá retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ tí Télọ̀ bá rán tán: ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ìdí kaba, ẹnu apá ẹ̀wù. Ẹ̀rọ náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ a máa hàn síta bí àpá iná. Ti Màmá, o lè wò ó títí kí ojú máa ro ọ́, o ò ní rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Ìgbà tí bàbá Télọ̀ wà lórí ẹ̀rọ yẹn ló ti ń ṣe é, tí Télọ̀ fúnra rẹ̀ ń rákòrò lábẹ́ tábìlì, tó ń ṣa bọ́tìnì jẹ. Ògiri kan náà ni ilé Màmá àti ṣọ́ọ̀bù jọ pín. Àpótí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń bà lé èèyàn nítan.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó dé ibi tí kò lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́, á fi ẹnu lá òwú, á fojú wá ihò abẹ́rẹ́ títí, ihò náà á máa sá fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ìdí àpótí, ó bá àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mọ́ ègé tìmùtìmù kan, tí òwú ti wà nínú gbogbo wọn, dúdú lápá kan, funfun lápá kejì. Télọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù. Màmá fa ọ̀kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó ṣe ń rí láràárọ̀ nìyẹn láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì sì ń ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ló ń gbé òwú mì fúnra rẹ̀.

Àfi bí Màmá ṣe yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, tó fi ìbàdí lélẹ̀. Egungun kankan ò dá, ara kàn bó ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í rin ìrìn àgbà, eré ló ń sá. Kí ojú egbò tó gbẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, tíṣà ni, ti kó ẹrù rẹ̀ dé pé òun wá tọ́jú ìyá òun.

Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí ti lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀ débi pé kò mọ èyí tó ń tì í lẹ́yìn. Ìgbà tó kọ́kọ́ bá Màmá lórí àpótí, tí Télọ̀ ń pariwo nítorí etí aṣọ, ṣe ló gbaná jẹ.

"Ìyá mi lò ń bá wí bí ọmọṣẹ́?"

Télọ̀ fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀, ó tẹríba. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bá a ṣe máa ń ṣeré nìyẹn."

"Eré wo? Arúgbó tó yẹ kó jókòó kó máa jẹ, kó máa sinmi, lo kó aṣọ aláṣọ lé nítan lójú títì. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Kí ni wọ́n á máa pe èmi?"

Màmá ní, "Ṣé èmi náà lè dá sí i, àbí mo ti kú ni?"

"Màámi, ẹ dìde. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ó tó àsìkò kí ẹ jèrè ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn ní gbangba. Ta ló máa ní kí ọmọ má tọ́jú ìyá ẹ̀? Màmá wo Télọ̀. Télọ̀ wo ilẹ̀. Màmá dìde.

Èrè ọmọ wá bẹ̀rẹ̀. Àga tó rọ̀ dé. Tẹlifíṣọ̀n dé. Màmá fẹ́ ṣan abọ́ tó fi jẹun, ọmọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀, ọmọ gbà á. Ó ní òun fẹ́ jáde lọ kí aládùúgbò, ọmọ ní aládùúgbò ló yẹ kó wá kí àgbà. Wọ́n wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n ń bi pé, "Ṣé Màmá jẹun? Ṣé wọ́n sùn dáadáa?" bí ẹni pé Màmá ò sí lórí ìjókòó. Láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ Télọ̀ tó ń sáré. Ọwọ́ rẹ̀ á pa etí ìborùn rẹ̀ pọ̀, á tẹ̀ ẹ́, á tú u sílẹ̀, á tún pa á pọ̀. Kò pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú. Oúnjẹ di ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó tó fọwọ́ kàn.

Ẹ̀rù ba ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó dé láti ilé ìwé, ó gbé kaba aláwọ̀ eérú kan lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Màámi, Télọ̀ ní kí n gbé e fún yín. Ó ní iṣẹ́ ti wọ òun lọ́rùn. Mo ti bá yín fi òwú sí abẹ́rẹ́, torí ojú yín tí ò ríran mọ́."

Màmá fa kaba náà mọ́ra. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ṣẹ́ etí kaba náà yípo, kò gbórí sókè títí ó fi já òwú. Nígbà tí oúnjẹ dé, ó jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ọmọ gbé kaba náà lọ. Òmíràn dé, aláwọ̀ eérú náà ni.

"Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n ń rán ni?"

"Aṣọ ilé ìwé ni, Màámi. Gbogbo wọn ló bára mu."

"Kí ni Télọ̀ wí sí tàná?"

"Ó ní ó dáa gan-an."

"Kò ríbi tó wọ́?"

"Ó ní kò sí irú yín láyé."

Ọ̀rọ̀ yìí há Màmá lọ́fun bí eegun ẹja. Télọ̀ tí òun mọ̀, bí áńgẹ́lì bá gbé aṣọ fún un, á ní etí rẹ̀ wọ́. Ó mú kaba tuntun náà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ gòkè, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó fò, ó tún padà, bí ipa ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Ọmọ gbé e lọ. Ó ní Télọ̀ ní ó dáa gan-an.

Nígbà tí òmíràn dé, Màmá ò mú abẹ́rẹ́. Ó fi ìka tọ etí aṣọ náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ihò kéékèèké wà níbẹ̀. Wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fò.

"Ta ló ń tú u?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Ọmọ na ọwọ́ láti gba kaba náà.

"Mo ní ta ló ń tú u?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ta ló ni kaba náà?"

"Èmi náà ni. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́ tipẹ́."

"Télọ̀ wá ńkọ́?"

"Mi ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Màámi, kí ẹ ṣáà lè rí nǹkan fọwọ́ ṣe ni. Ẹ ti ń jẹun báyìí, ṣé ẹ ò rí i?"

"Ọmọ tó bá ń dààmú èèyàn, wọ́n á ju agolo òfìfo sí i kó máa lù ú. Èmi náà jù ú sí ọ rí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, o ò tíì léyín."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó."

"Mo mọ̀."

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Ọmọ sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Kò lè fà á padà, torí èrò ń kọjá.

Obìnrin kan ló bá lórí àpótí, ó gbọ́mọ pọ̀n, ó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Télọ̀ rí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín àkísà aṣọ.

"Ta lèyí?"

"Opó àbúrò mi ni, Màmá. Mo dúró, mo dúró. Iṣẹ́ ò lè dúró."

Màmá gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó fìka tọ etí rẹ̀. "Ó ń fa òwú le jù. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n ṣe."

"Bí ẹ bá ti dé, á dìde fún yín."

Obìnrin náà ti ń dìde. Màmá fi ọ̀pá kàn án lórúnkún. "Jókòó, ìyàwó mi. Ibi tí ọmọ ẹ̀yìn ẹ ti ń jẹ nìyẹn." Ó wá yíjú sí Télọ̀. "O ò kúkú wá wò mí."

"Ẹ̀gbọ́n ní mi ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀."

"O sì gbọ́ràn. O ṣeun."

Ó padà sílé, ó jókòó sórí àga tó rọ̀. Ọmọ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó fi ṣíbí sí i. Màmá ò na ọwọ́. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó la ẹnu.

"Màámi, ẹ jẹun."

Màmá ò pa ẹnu dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ṣíbí. Ọwọ́ yín ò kúkú rọ."

"Gbogbo ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe, ìwọ lo gbà á," Màmá wí, ó sì tún la ẹnu rẹ̀.

Ọmọ wo ojú fèrèsé, ó rí i pé ìta kún. Ó dìde, ó fa kọ́tìnì. Ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀, ó bu oúnjẹ náà kékeré, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tutù, ó sì gbé e sí i lẹ́nu. Màmá gbé e mì, ó tún la ẹnu.