Eyín Mẹ́rin Tí Kò Dún

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, Dókítà Rédíò dojú dùrù oníná ìyàwó rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó sì tú síkúrù mẹ́tàlélógún nídìí rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n sin obìnrin náà.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Dókítà Rédíò, nítorí kò sí ohun tó ń lo iná tí kì í tún ṣe. Nínú yàrá ló ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n bá sì gbé wá láìdún máa ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn. Ti ilé rẹ̀ nìkan ló ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí òjò ti gba ojú fèrèsé wọlé nínú oṣù kejì ni mẹ́rin nínú àwọn eyín tí a ń tẹ̀ ti kú láàárín dùrù náà, mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún máa ń gbé jù. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Bó bá ti rí i tó gbé ẹ̀rọ oníbàárà síwájú, á kàn rẹ́rìn-ín.

“Dókítà, aláìsàn tó wà nílé ńkọ́?”

Òun náà á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tó di oṣù keje, obìnrin náà fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó sídìí dùrù. Ó tẹ orin kan tó ṣe fún ọmọbìnrin wọn, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbà á sílẹ̀. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, rí i. Orin náà ń dún, ó ń já, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká.

Ó ní, “Dádì, tí ẹ bá tún eyín yẹn ṣe, orin Mọ́mì á pé.”

Bàbá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ náà kò le. Lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà kan wà tó ní ojú dúdú méjì. Bí a bá tẹ eyín, ojú dúdú náà á kan pátákó ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á sì mọ̀. Omi òjò ti gbẹ síbẹ̀, ó ti di ìdọ̀tí. Dókítà Rédíò ti òwú bọ sípíríìtì, ó fi nù ún, ó tún un nù, ó dá rọ́bà padà sáàyè rẹ̀. Nígbà tó wo aago, ogójì ìṣẹ́jú péré ni gbogbo rẹ̀ gbà á.

Ó tẹ eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n dún ketekete. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì orin ìyá rẹ̀.

Orin náà já níbi tó ti ń já tẹ́lẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wá ṣàlàyé, kò gbójú sókè, pé ẹ̀rọ náà kì í gba ohùn sílẹ̀ bíi rédíò. Ohun tí rọ́bà bá sọ fún un nìkan ló ń tọ́jú. Lọ́jọ́ tí Mọ́mì tẹ̀ ẹ́, rọ́bà mẹ́rin kò sọ nǹkan kan. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ogún ọdún ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ó kàn ń gbé e tì sẹ́yìn ni.

 Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó tún tẹ bọ́tìnnì orin náà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Níbi tó bá ti já, á fi pẹ́ńsùlù kọ òdo kékeré kan. Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

“Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn náà ni. Ẹ ṣáà bá mi sọ èwo ló wà níbí. Mọ́mì ní ẹ̀yin nìkan lòun ń kọ ọ́ sí létí, pé kí èmi dúró dìgbà tó bá parí. Ẹ ti gbọ́ ọ.”

Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ti lọ sílé ìwé, obìnrin náà á máa fi ẹnu kọ orin náà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, bó ti ń ká aṣọ, bó ti ń gbálẹ̀. Dókítà Rédíò rántí rédíò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó rántí ẹni tó ni ín, ó rántí wáyà tó já nínú rẹ̀. Ó gbé ìka lé eyín àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ ìkejì. Ó tẹ ìkẹta àti ìkẹrin. Gbogbo wọn dún dáadáa, kò sì dá ọ̀kankan mọ̀.

Ohùn mọ́kàndínlógún ló sọnù nínú orin náà.