Ewé Ọdún Kan Lára Igi Kẹrìnlá

"Kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le," ni Àrínọlá wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Ràhámọ̀tù kò gbójú sókè. Ó di ẹ̀ka igi páínì náà mú, ó ń fi ìka tọ oríkèé rẹ̀ láti ìdí lọ sí orí. Bí ara igi náà bá le, ewé ọdún mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ló yẹ kó wà lára ẹ̀ka kan. Ti ọdún kan péré ló kù lára eléyìí, orí wọn sì ti gbẹ.

"Èmi máa mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Àbí èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

Láti inú igbó yìí, lẹ́yìn ìlú Tinley Park, èèyàn ń rí ọ̀pá èéfín ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tuntun gàgàrà, tí wọ́n fẹ́ tan lọ́jọ́ Ajé. Ogún igi ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó náà ní kí Ràhámọ̀tù yẹ̀ wò kí èéfín tó jáde, kí wọ́n lè mọ ohun tó bá yí padà lẹ́yìn náà. Kò sí yunifásítì tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú ní àdúgbò Uptown tẹ́lẹ̀, inú ìwé láíbìrì ló ti kọ́ nípa igi, nínú rélùwéè, ní àlọ àti àbọ̀. Lónìí, àwọn oníwèé ẹ̀rí ńláńlá ọ́fíìsì wọn kì í buwọ́ lu nǹkan láìbi í.

Nọ́ọ̀sì ni Àrínọlá, òun sì ni alága àwọn ará ìlú Hazel Crest tó wà nítòsí, tí wọn kò fẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Ikọ́ fée ń bá Eden ọmọ rẹ̀ jà.

"Ràhámọ̀, tó o bá kọ ọ́ pé igi ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní àwọn kọ́. Eden ò lè sùn láìsí íńhélà. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀ mà. Èmi ni mo gbé e lọ sí emergency lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wà ní shift."

"Ẹ̀yìn ta wá lo wà?"

"Ẹ̀yìn igi." Ó fa ẹ̀ka náà sún mọ́ ọn. "Ẹ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì nìkan ló gbẹ. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì láti fi yọ́ yìnyín ló ṣe é. Àwọn oníná yẹn sì ti ya fọ́tò gbogbo igi wọ̀nyí lóṣù tó kọjá. Tí mo bá purọ́ lórí ẹyọ kan, lọ́yà wọn á gbé fọ́tò jáde bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, á ní opurọ́ ló kọ ìwé. Àwọn mọ́kàndínlógún tó kù á bá a lọ. Àwọn yẹn ni ẹlẹ́rìí Eden, ẹ wá ní kí n fọwọ́ ara mi lé wọn kúrò ní kóòtù?"

Àrínọlá wò ó títí. "Ẹnu ẹ yìí, níbo lo ti rà á?"

"Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi, mà."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Àrínọlá, ó gbé e mì. Ó wo ọ̀pá èéfín náà, ó wo ẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?"

Ràhámọ̀tù mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé oríkèé. Àrínọlá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù.

"Ọ̀kan," ló wí, jẹ́jẹ́.

Ràhámọ̀tù kọ ọ́. Nígbà tó máa fi pa ìwé dé, Àrínọlá ti ṣíwájú, ó ti fa ẹ̀ka igi kẹẹ̀ẹ́dógún wálẹ̀.