Ìbọn Inú Ṣóógíláàsì Ìyá Mi

Èmi nìkan ni mo fojú mi rí i. Ní gbogbo Ìlá-Ọ̀ràngún, látorí àgbà dórí ewúrẹ́ tó ń sùn sójú títì, kò sí ẹlòmíì. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun náà rí i, pàápàá tí ẹni náà bá jẹ́ obìnrin tó ń ta bọ́ǹsì níwájú ilé ìwé, ẹ rọra bi í pé: apá wo ló tóbi, ọ̀tún ni àbí òsì? Kò ní mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù ná.

Ọ̀gá tí mò ń wa mọ́tò fún ní Lẹ́kí ní òkun nínú pálọ̀. Mi ò sọ pé àwòrán òkun o! Òkun gan-an ni: àpótí gíláàsì tó gùn ju Kámírì lọ, omi iyọ̀ nínú rẹ̀, òkúta tí wọ́n hú nísàlẹ̀ òkun, àwọn ẹ̀dá kan tó ń hù lára òkúta bí òdòdó, tí wọ́n tún ní ẹnu tí wọ́n fi ń jẹun, àti ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ń yan láàárín wọn bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí ọ̀gá ń kó lọ sí Kánádà, wọ́n ta ẹja, wọ́n ta gíláàsì, wọ́n wá ní, "Àsíìsì, máa kó ìyókù." Ìyókù ni òkúta mẹ́fà, pọ́ǹpù kan, iná aláwọ̀ búlúù kan, àti ike ńlá tí iyọ̀ òkun kún inú rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá bú sẹ́kún. Èmi mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Ọlọ́run ti yàn mí láti gbé òkun wọ Ìlá.

Bọ̀dá Olúrẹ̀mí, tí wọ́n máa ń wá tọ́jú omi ọ̀gá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló là mí lóye. Wọ́n ní òkúta yẹn ò kú, pé àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú ò lè rí ń gbé inú ihò wọn, àwọn yẹn ló sì ń jẹ ìdọ̀tí inú omi. Mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Mo fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, mo kó wọn sínú kúlà, mo gbé kúlà lé itan nínú mọ́tò Ìlá.

A ò tí ì rìn jìnnà tí òórùn fi gba inú mọ́tò.

"Ta ló gbé òkú ẹja wọlé?" Màmá kan tó jókòó tì mí ló bèèrè.

"Òkúta ni, Mà."

"Òkúta ló ń rùn báyìí?"

"Òkúta tó wà láàyè ni, Mà."

Màmá yẹn wò mí, wọ́n wo kúlà, wọ́n dìde, wọ́n lọ há ara wọn mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo jókòó sórí àga ẹni mẹ́ta dé Ìlá, bíi gómìnà.

Gíláàsì ló kù. Kò sẹ́ni tó ń ta àpótí ẹja nílùú wa, ṣùgbọ́n a ní Bọ̀dá Tìjání. Bọ̀dá Tìjání ló ń kan ṣóógíláàsì, àpótí tí wọ́n ń to bọ́ǹsì àti ẹran díndín sí kí eṣinṣin má bàa bà lé e, fún gbogbo ọlọ́jà láti Ọ̀rà dé Ọ̀tan Ayégbajú. Mo ní kí wọ́n lo gíláàsì tó nípọn, kí wọ́n lẹ gbogbo igun rẹ̀ pinpin, kí wọ́n má sì ṣí ilẹ̀kùn sí i.

"Kò ní ilẹ̀kùn?" wọ́n ní. "Ibo ni ọwọ́ á gbà mú bọ́ǹsì?"

"Òkun ló máa wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n gbé téèpù ìwọ̀n sílẹ̀. "Àsíìsì, ṣé o ti jẹun lónìí?"

Wọ́n ṣe é ṣá. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ àgbàlá wa ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fáòsíátù, ìyá mi, ti ń ta bọ́ǹsì níwájú ilé ìwé kí wọ́n tó bí mi, inú báásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi aṣọ bò sì ni bọ́ǹsì yẹn ń gbé láti ọjọ́ yìí wá. Bí wọ́n ṣe rí gíláàsì tó ń dán gbinrin, wọ́n sáré jáde láti ìdí ààrò, ìyẹ̀fun lọ́wọ́, wọ́n dì mọ́ ọn.

"Alihamudulilahi! Ọmọ mi rántí mi! Ṣóógíláàsì! Ìwọ náà á bímọ tó máa rántí ẹ!"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Àmín, Mà." Ẹ̀rù ò bà mí o. Ọ̀wọ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, òjò ń rọ̀, ni àṣírí tú. Bọ̀dá Olúrẹ̀mí ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ lo omi kànga, pé omi òjò tí kò kan páànù ni kí n gbè. Ni mo bá to gbogbo abọ́, agbada àti bésìn ìyá mi sí gbangba àgbàlá, mo dúró láàárín wọn, mò ń pàṣẹ fún òjò. Dáníẹ́lì, ará ilé kejì tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, yọjú lórí ògiri.

"Àsíìsì, ṣé òjò jẹ ẹ́ ní abọ́ ni?"

"Òkun ni mò ń pò!"

Ìyá mi gbọ́. Wọ́n wo abọ́ wọn, wọ́n wo gíláàsì, wọ́n wo ike iyọ̀. Wọn ò bínú. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ìyẹn burú ju ìbínú lọ.

"Kò burú," wọ́n ní. "Ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba họlidé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n á wọlé. Tí mo bá fojú ara mi rí ohun ẹlẹ́mìí kan nínú omi yẹn kó tó di ọjọ́ náà, òkun ẹ dúró. Tí mi ò bá rí i, Tìjání á gé ilẹ̀kùn sí i, bọ́ǹsì mi á wọlé."

"Ẹyọ kan péré, Mà? Ọgọ́rùn-ún lẹ máa rí! Ẹkùn inú omi lẹ máa rí!"

Mo po omi, mo po iyọ̀, mo fi ohun ìwọnyọ̀ tí Bọ̀dá Olúrẹ̀mí yá mi wò ó títí ó fi ṣe déédéé, mo da iyanrìn sísàlẹ̀, mo to òkúta lé e bí òkè Iresi, mo tan pọ́ǹpù. Mo wá pe Bọ̀dá Olúrẹ̀mí pé kí wọ́n fi ẹja méjìlá ránṣẹ́ lọ́la.

"Ṣé orí ẹ pé?" wọ́n ní. "Omi ò tí ì gbó. Ẹja tó bá wọ ibẹ̀ lọ́la, ọ̀tunla lo máa sin ín. Jẹ́ kí òkúta ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Èmi tí mi ò lè dúró de Indomie kó jinná! Ọ̀rọ̀ ti wá di pé ẹja ò gbọdọ̀ wọ omi ṣáájú ọjọ́ tí ìyá mi dá, ìyá mi sì gbọ́dọ̀ rí ẹlẹ́mìí ṣáájú ọjọ́ náà. Mo sùn lé e, mo jí lé e, kò yé mi.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, omi funfun bí ògì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ṣọ́jà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan kan tó dà bí ìpáàrà irin bo gbogbo òkúta. Èmi ṣì ń sọ káàkiri pé ẹkùn inú omi mi ti ń hu eyín. Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà láti Ọ̀rà wá wò ó. Ó wo omi, ó wò mí, ó ní kí n bá òun wá omi tútù mu, ó lọ.

Dáníẹ́lì kì í pa ọjọ́ kan jẹ. "Òkun dà? Omi ìfọbọ́ ni mò ń wò yìí."

"Ó ń gbó ni."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni?"

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìpáàrà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò fúnra rẹ̀, omi mọ́ gaara, àwọ̀ elésèé àlùkò yọ lára òkúta kan. Mo jó yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi ní àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀mí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́sàn-án gangan, a ń jẹun lọ́wọ́. PÀ!

Ìyá mi ju òkèlè sílẹ̀. "Gíláàsì ti là! Pe Tìjání!"

Bọ̀dá Tìjání dé, wọ́n fọwọ́ pa gbogbo igun gíláàsì bí ẹni ń wá egbò lára ọmọ. "Gíláàsì tèmi kì í là, Ìyá Àsíìsì. Tí nǹkan kan bá là nílé yìí, orí ọmọ yín ni."

PÀ! Bọ̀dá Tìjání fò sẹ́yìn, wọ́n jókòó sínú bésìn.

Mo gba ohùn náà sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Olúrẹ̀mí. Ẹ̀rín wọn pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. "Edé oníbọn ni! Inú ihò òkúta ló fara pa mọ́ sí láti Lẹ́kí. Apá rẹ̀ kan tóbi ju ìkejì lọ. Tó bá ti pa á dé pẹ́nrẹ́n, omi á ta bí ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n má retí àtirí i o. Ẹlòmíì sìn ín lọ́dún kan, ohùn ẹ̀ nìkan ló mọ̀."

Mo sáré bá ìyá mi. "Ẹlẹ́mìí ti wà níbẹ̀, Mà! Ẹ gbọ́ ọ!"

"Mo gbọ́ ọ. Ṣé gbígbọ́ ni mo ní? Rírí ni mo ní."

Ọ̀sẹ̀ kẹfà wọlé, ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta kó di Mọ́ńdè. Ní Fúráídè, gbogbo àdúgbò lọ sí Jímọ̀, Dáníẹ́lì sì wà níbi iṣẹ́ ní Ọ̀tan. Ìyá mi ti sọ pé àwọn àti Tìjání á jọ bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń gé gíláàsì, kí ilẹ̀kùn lè ti wà lára rẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè. Mo jókòó, mo fi iwájú orí ti gíláàsì. NẸ́PÀ mú iná. Pọ́ǹpù dákẹ́, omi dúró jẹ́ẹ́ bíi díńgí. Mo ní kí n dìde lọ fa jẹnẹrétọ̀, ni mo bá rí irun méjì tó ń mì lẹ́nu ihò.

Ó jáde.

Ẹ̀yin èèyàn, ó jáde! Awọ ara rẹ̀ rí bí ewé tó ń pọ́n bọ̀. Ó tó ìka mi. Rárá, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ká má parọ́, ó tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá! Apá òsì rẹ̀ wú bí ìbọ̀wọ́ àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Kòkòrò onírun kan, tí òun náà ti fara pa mọ́ sínú òkúta láti Lẹ́kí, ń wọ́ kọjá lórí iyanrìn. Ọ̀gbẹ́ni yìí dúró, ó la apá, ó wojú mi bí ẹni ń sọ pé, "Àsíìsì, ṣé ò ń wò mí?" PÀÀÀ! Kòkòrò nà gbalaja. Ilé mì. Wọ́n ní lẹ́mọ́mù gan-an dákẹ́ díẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí ìyá mi àti Bọ̀dá Tìjání fi dé, mo ti sáré yí ilé po lẹ́ẹ̀méje. "Mo rí i! Ẹ wá wò ó! Apá òsì!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò. Òkúta. Wọ́n wò títí. Òkúta.

"Ó wọlé ni, Mà."

"Ẹkùn inú omi náà wọlé, àbí?" Ìyá mi ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n mú abọ́ ìgbọ́nmi. "Tìjání, tọ́jú irin ẹ."

Mo kúnlẹ̀. Èmi! Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. "Mà, ẹ fún mi ní ẹyọ edé gbígbẹ kan."

"Kí o fi ṣe kí ni?"

"Kí n fi pe ẹbí ẹ̀."

Bọ̀dá Tìjání kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì mú ìyá mi náà díẹ̀. Wọ́n mú edé wá, wọ́n fi há orí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e fún mi. "Ìwọ lè fi ìka ẹ ta pà. Èmi ni màá mú un." Wọ́n rọra tì í bọ omi, títí dé ẹnu ihò.

A dúró, a dúró, títí ó fi sú ìyá mi. Wọ́n yíjú sí Bọ̀dá Tìjání pé, "Ó yá, gé e..."

PÀÀÀÀ!

Omi ta sí wọn lójú. Ìgbálẹ̀ dá sí méjì. Edé gbígbẹ pòórá. Mo rí apá òsì náà, ó yọ, ó gbà á, ó wọlé. Bọ̀dá Tìjání ti di ojú. Ìyá mi ń nu ojú. Nígbà tí wọ́n máa fi wo inú omi, iyanrìn nìkan ló ń rú.

"Subuhanalai," ìyá mi ní. Wọ́n wo àbọ̀ ìgbálẹ̀ tó kù lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ejìká wọn, ó dé ikùn, ó já gèlè wọn sílẹ̀. "Tìjání, gbé irin ẹ nílẹ̀. Gbé àpótí wá kí n jókòó. Àsíìsì, ṣé ó yó?"

"Kò dájú, Mà."

"Lọ mú edé sí i wá."

Ní Mọ́ńdè, ilé ìwé wọlé. Bọ̀dá Tìjání ti kan ṣóógíláàsì mìíì, èyí tó ní ilẹ̀kùn. Mo gbé e lọ fún ìyá mi, ni mo bá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó rọ̀gbà yí wọn ká.

"Ojú mi báyìí ni mo fi rí i!" ìyá mi ń wí. "Ó tó ọmọ ológbò! Ó jáde, ó kí mi, mo dá a lóhùn, ló bá na apá ọ̀tún, ó yìnbọn!"

Apá ọ̀tún!

Mo lanu. Ìyá mi sì wò mí láti òkè orí bọ́ǹsì, wọ́n ṣẹ́jú sí mi lẹ́ẹ̀kan. Mo pa ẹnu mi dé. Ṣé ẹ rí i, tí ìyá mi ò bá rí i, àdéhùn ò pé, òkun mi ti di ilé bọ́ǹsì nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti rí i. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ìlá ló ń sọ pé apá ọ̀tún ni. Dáníẹ́lì náà ń búra pé òun rí i láti orí ògiri. Ìyá mi mọ bí wọ́n ṣe ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, torí kò sẹ́ni tó ń ṣe irú ẹ̀ nínú ẹbí wa.

Mi ò lè já wọn nírọ́ níbí. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ fún. Òsì ni. Ó gùn dé ìgúnpá mi. Lẹ́mọ́mù dákẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́ o! Ta ni ẹ tún fẹ́ gbà gbọ́, ẹni tó rí i, àbí ẹni tó ń nu omi lójú?