Yáàsín tí Humairah Kò Lè Kà

Nígbà tí Àáfà Abdulganiyu, ọmọ Ìlọrin, kọ́kọ́ dá ilé-kéwú sílẹ̀ ní Ungwan Shanu ní Kàdúná, ọmọ tí kò bá tíì mọ álífù yàtọ̀ sí lámù kì í kúrò nídìí wàláà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ wọn, bí ẹni ń to ẹyin sínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n ojú ń kán àwọn òbí. Ilé-kéwú kan wà ládùúgbò tó ń ṣe wólímà, ayẹyẹ ìparí kéwú, lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wọ aṣọ funfun, tí fídíò wọn ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn títí dé Ìlọrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ lọ, títí orí ẹní Àáfà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Lòun náà bá yíwọ́ padà. Ó pín ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kà lọ́jọ́ wólímà, ó ń kà á sí wọn létí títí ó fi wọ̀ wọ́n lára bí orin. Kò bi wọ́n ní lẹ́tà mọ́. Lọ́jọ́ náà, Humairah, ọmọ Àbdùlkàrímù tó ń ta aṣọ, ló kà á dáadáa jù. Ṣẹ̀fíátù ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀ ní gbangba, ó sì ra Kùránì tuntun fún un. Èrò kún ilé-kéwú padà. Inú Àáfà dùn, àfi tó bá ku òun nìkan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn kíndìnrín dá Ṣẹ̀fíátù dùbúlẹ̀. Nígbà tí apá ọsíbítù kò ká a mọ́, wọ́n gbé e wálé, ó sì ní kí wọ́n bá òun pe Àáfà. Àáfà ṣàdúà fún un. Bó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Yáàsín ni obìnrin náà mi orí.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi kà á fún mi, Àáfà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi í sọ́dọ̀ yín."

Humairah gbé Kùránì rẹ̀ wá. Ó ṣí i, ó wo Àáfà. Àáfà wo ilẹ̀. Lọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tó kà lọ́jọ́ wólímà, ìka rẹ̀ ń rìn lórí ojú ìwé tí kò bá ohun tó ń kà tan. Ó parí rẹ̀, ó tún un kà.

Ṣẹ̀fíátù kò mọ kéwú kà, ṣùgbọ́n kò sílé òkú tó dé rí tí kò ti gbọ́ Yáàsín. Ó yíjú sí Àáfà. Kò bínú, ó kàn wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbọ́wọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

"Ó ti tó, ọmọ mi. Ó dùn."

Ọjọ́ kejì ló kú.

Lọ́jọ́ fìdáù, Àbdùlkàrímù, tí kò sí nílé nígbà tí ọmọ náà ń kàwé fún ìyá rẹ̀, dìde láàárín èrò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àáfà pé ọmọ tó kọ́ ló ka Yáàsín fún ìyá rẹ̀ kó tó lọ. Ó ní kí Humairah bọ́ síwájú kó tún un kà. Ọmọ náà kò mira. Àáfà ní òun ni yóò kà á. Nígbà tí èrò túká, ó fa ọkùnrin náà sí kọ̀rọ̀, ó jẹ́wọ́ pé ibi wólímà nìkan lọmọ náà mọ̀, àti pé ẹ̀bi òun ni.

Àbdùlkàrímù bi í pé, "Ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀?"

"Ó mọ̀."

 Àbdùlkàrímù mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Àáfà. Àáfà fagi lé wólímà ọdún náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn òbí, ni ọ̀pọ̀ wọn bá kó ọmọ lọ. Ìwọ̀nba tó kù ló kó jọ, tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí álífù. Nígbà mìíràn, Humairah máa ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá nínú aṣọ funfun ilé-kéwú kejì. Yóò kúnlẹ̀, yóò kí i ní Haúsá bí ẹni ń kí àlejò, yóò sì máa lọ. Wọ́n ní wọ́n ti fún un níbi tí yóò kà lọ́jọ́ wólímà.