Ìyá Tí Olóòtú Fẹ́ Kó Kú

Ìwé márùn-ún ni obìnrin náà ti kọ fún àwọn ọ̀dọ́langba, ìyá márùn-ún ló sì ti pa. Odò gbé ti àkọ́kọ́ lọ. Àìsàn tí dókítà kò mọ orúkọ rẹ̀ ló mú èkejì. Ẹ̀kẹta ṣubú láti orí àtẹ̀gùn, ẹ̀kẹrin jóná mọ́lé, ẹ̀karùn-ún kò tilẹ̀ dé ojú ìwé kejì tó fi dákẹ́. Kì í kúkú ṣe pé òǹkọ̀wé wa burú. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, báwo ló ṣe fẹ́ jáde nílé lọ lé ọ̀daràn kiri ìlú? Kó tó wọ bàtà tán, ìyá á ti bi í pé níbo, pẹ̀lú ta ni, ta ló sì fún un láyè.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìyá tirẹ̀ gan-an kò kú. Ara Màmá le koko. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló sì la yàrá rẹ̀ àti yàrá ìkọ̀wé láàárín. Òun ló máa ń kọ́kọ́ ka ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan. Bó bá kà á tán, á yọ awò ojú rẹ̀, á gbé ìwé náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, á wá béèrè bóyá òun ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ á ní ìtàn lásán ni. Màmá á ní òun ti gbọ́, àmọ́ ó ya òun lẹ́nu pé àwọn bàbá inú ìwé náà kì í kú, nígbà tó jẹ́ pé bàbá tí ọmọ náà mọ̀ ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò nílé kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́sàn-án. Òǹkọ̀wé tó lè fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàlàyé bí ọmọge kan ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́ á kàn mú ìwé náà padà lọ sí yàrá ìkọ̀wé.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan pè é pé kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Màmá ní òun á bá a lọ, òun fẹ́ rí àwọn tó ń gbádùn ikú ìyá. Tíṣà tó gbà wọ́n lálejò fi ọ̀wọ̀ ńlá ṣàlàyé pé òun kò tíì ráyè ka ìkankan nínú àwọn ìwé náà, àmọ́ òun ti rí èèpo ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì dára. Ọgọ́ta ọmọ jókòó sínú gbọ̀ngàn, ìdajì wọn ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ojú ẹni tó ń gbàdúrà. Òǹkọ̀wé sọ ibi tó ti ń rí ìtàn. Ó sọ iye wákàtí tó fi ń kọ̀wé lóòjọ́, ó sì bu wákàtí méjì lé e.

Ọmọbìnrin kan dìde ní ìlà iwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ìyá fi máa ń kú nínú ìwé yín?" ó ní. "Ìyá tèmi kú lọ́dún tó kọjá. Mi ò lé ọ̀daràn kankan. Aṣọ àwọn àbúrò mi ni mò ń fọ̀."

Òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan nípa bí ìtàn ṣe ní ìlànà tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé àlàyé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kó tó parí, Màmá ti dìde láti ẹ̀yìn, ó ti lọ jókòó ti ọmọ náà, ó sì ń rọra bi í pé àbúrò mélòó ni.

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu ọ̀nà ilé, Màmá dúró.

"Ọmọ yẹn bi ọ́ ní ìbéèrè," ó ní. "O ò dá a lóhùn."

Oṣù mẹ́jọ ni ìwé kẹfà gbà. Ìyá wà láàyè nínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tó ń kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ọmọbìnrin inú ìtàn bá fẹ́ yọ́ jáde, ìyá á pè é padà. Nígbà tí kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́, ìyá náà mú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Olóòtú ilé ìtẹ̀wé pe òǹkọ̀wé lórí fóònù. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó sì mọ gbogbo ohun tí àwọn ọ̀dọ́langba ń fẹ́, láti ìgbà tí kò ti bá ọ̀kankan nínú wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ìwé náà dùn, àmọ́ ìyá yẹn gba àyè jù.

"Àǹtí, mi ò ní kó kú ikú oró," ó ní. "Ẹ kàn jẹ́ kó ṣàìsàn díẹ̀ níbi àárín, kára rẹ̀ má sì yá mọ́."

"Kò ní kú," òǹkọ̀wé dá a lóhùn, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀ bí ohùn rẹ̀ ṣe le tó.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá yè. Ilé ìtẹ̀wé wá lọ gbẹ̀san lára èèpo ẹ̀yìn ìwé: wọ́n ya ọmọbìnrin kan tó ń dá sáré nínú atẹ́gùn, kò sí ìyá kankan nítòsí.

Òǹkọ̀wé fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé. Ọmọ náà kò yìn ín. Ó ní òun kà á fún àwọn àbúrò òun, èyí tó kéré jù sì ní kí òun tún ibi tí ìyá ti mú báàgì kà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fi kún un pé àṣìṣe kan wà níbi tí ìyá inú ìwé ti ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ: kò sẹ́ni tó ń rán bọ́tìnnì tuntun láì kọ́kọ́ tú òwú àtijọ́ kúrò, ìyá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀.

Màmá gba lẹ́tà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òótọ́ lọmọ sọ, ojú ìwé yẹn ti ń yọ òun lẹ́nu tipẹ́. Ó wá béèrè bébà àti bírò láti fèsì fún ọmọ náà, ó wọ yàrá rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ rẹ̀ kanlẹ̀kùn pé bóyá kí òun bá a to ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Ó ní kó máa lọ, òun kò wá òǹkọ̀wé. Ojú ìwé mẹ́rin gbáko ló kọ. Òǹkọ̀wé lọ bá a ra àpò lẹ́tà.