Ìdáhùn Tí Kò Ní Ìbéèrè

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlọ́runṣọ́ Àkànbí fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn ní yunifásítì kó tó fẹ̀yìn tì sílé rẹ̀ ní Igbó-Elérin. Ó mọ ọdún tí wọ́n ja ogun yìí, ó mọ oṣù tí ọba yẹn wàjà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ó jí, kò sì rántí bí ohùn ìyàwó rẹ̀ ṣe ń dún mọ́.

Kò tíì ju oṣù mẹ́sàn-án lọ tí Bámikẹ́ kú. Bàbá rántí ojú rẹ̀, ó rántí ọbẹ̀ ẹja rẹ̀, ó rántí bó ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn bí ẹrù bá kún ọwọ́ rẹ̀. Ohùn ni kò rí. Fóònù obìnrin náà, tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ì bá ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn olè ti já a gbà ní Ìyánà-Ìbà kí àìsàn tó dé. Ẹ̀rù ba bàbá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọmọdé.

Ìgbà tó nu ojú tán ló rántí kásẹ́ẹ̀tì. Láyé ọjọ́un, nígbà tó ń kọ ìwé lórí àwọn apẹja ìlú Ọjọ́, Bámikẹ́ ló mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá Fáòsíátù, àgbà obìnrin kan níbẹ̀, torí ọmọ Ọjọ́ ni Bámikẹ́, àwọn àgbààgbà kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Bámikẹ́ ń bèèrè, ìyá ń dáhùn, ọkọ ń fi rẹkọ́dà gbà á sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá tú àpótí, ó rí i, ó gbé e pẹ̀lú rẹkọ́dà àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó di ọjà Àlàbá.

Adékúnlé ni wọ́n júwe fún un pé ó lè tún un ṣe. Àṣé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ka ìtàn tán, tí àìríṣẹ́ lé sídìí iṣẹ́ ọwọ́.

"Prof, ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ ṣì ń lo nǹkan yìí?"

"Bó bá ṣe é lò, ṣé màá gbé e wá bá ọ?"

Adékúnlé rẹ́rìn-ín, ó tú u. Bẹ́líìtì inú rẹ̀ ló já. Ó yọ òmíràn lára rẹkọ́dà kan tó ti kú, ó so ó, ó wá ké sí ará ṣọ́ọ̀bù kejì tí sípíkà rẹ̀ ń dún: "Oga Ékènè, abeg, reduce am small."

Kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohùn Ìyá Fáòsíátù jáde: "Ẹja pọ̀ nígbà náà, Bámikẹ́. Ọmọdé á fi agbọ̀n gbọ́n ọn." Nǹkan ró káú. "Rárá, obìnrin kì í wọ ọkọ̀ yẹn." Káú. "Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ." Káú.

Ìyá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá na etí, ó na etí, títí ọ̀rọ̀ fi yé e. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé òfin yẹn kalẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n nígbà náà, nítorí náà bí wọ́n bá ń bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró. Bí ìyá bá la ẹnu, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn ni ìtàn, ìbéèrè kì í ṣe ìtàn. Ọdọọdún ló ń fi ìyẹn yangàn níwájú kíláàsì.

"Ẹ kọ́ àwa náà bẹ́ẹ̀, sà," ni Adékúnlé wí, kò mọ̀ pé egbò lòun ń tẹ̀. "Ó jáde nínú ìdánwò. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gba máàkì."

"Yí i sí ojú kejì," ni bàbá wí.

Ìrètí kan ṣì kù. Bàbá rántí pé nígbà tó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ náà parí, òun bọ́ síta lọ kí baálẹ̀, òun sì gbé ẹ̀rọ lé Bámikẹ́ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ lè ti gbàgbé láti dá a dúró. Ènìyàn ṣáà ni, kì í ṣe aago. Bàbá gbàdúrà pé kí ìyàwó òun ti ṣàìgbọràn lẹ́ẹ̀kan péré.

"Há, ọmọ mi," ni ìyá wí nínú ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Káú. "Ọdún mélòó lo ti ń gbé e mọ́ra?" Káú. "Pẹ̀lẹ́. Nu ojú rẹ." Káú. "Rárá o, Bámikẹ́. Mi ò ní bá ọ sọ fún un. Ọkọ rẹ ni. Ìwọ ni kó o sọ fún un fúnra rẹ, lọ́jọ́ tó bá ráyè gbọ́." Káú.

Obìnrin náà ń sunkún, ó sì ń tẹ bọ́tìnnì bí ọkọ rẹ̀ ṣe ní kó máa tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan bú jáde, ohùn ẹni tí ayé yẹ, tó ń kánjú: "Mo ti dé. Ṣé o ò fi téèpù ṣòfò?"

Káú. Ó parí síbẹ̀.

Sípíkà ará ṣọ́ọ̀bù kejì tún gbéra. Adékúnlé yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Prof," ó ní, "kí ni Màmá fẹ́ sọ fún yín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àkànbí gba kásẹ́ẹ̀tì, ó fi í sápò.

"Mi ò bi í," ó ní.